Moka pot tó ń jò ní ìbàdí, asẹ́ ògì, àti kọfí oko àna mi: iṣẹ́ ọjọ́ kan tó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Torino, ní Ítálì, ló fi moka pot yìí, ìkòkò tí wọ́n fi ń se kọfí, ránṣẹ́. Àlòkù ni o. Ó ní ti ìyá àgbà kan tí òun ń tọ́jú ni, ìyá yẹn ti kú, àwọn ọmọ ẹ̀ sì fẹ́ dà á nù mọ́ ẹrù yòókù. Ó ní, "Bàbá Àyọ̀, ṣebí ìwọ lo máa ń tún nǹkan ṣe, gbà." Inverter àti bátìrì niṣẹ́ mi sha, mi ò kì í ṣe oníkọfí rárá, Nescafé inú sáṣẹ́ẹ̀tì ni mo mọ̀ látilẹ̀, pẹ̀lú mílíìkì tó pọ̀ débi pé kọfí ò ráyè sọ̀rọ̀ mọ́.

Ohun tó jẹ́ kọ́rọ̀ náà wọ̀ mí lára ni pé bàbá ìyàwó mi ní oko lọ́nà Kàbbà, igi kọfí sì wà níbẹ̀ látìgbà bàbá tiwọn, àwọn fúnra wọn ò kà á sí, kòkó àti kaṣú ni wọ́n ń tà. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé mo ti ní ìkòkò kọfí, wọ́n fi nǹkan bíi kílò mẹ́rin ránṣẹ́ nínú àpò kékeré, tútù, àwọ̀ ewé tó ti ṣá. Robusta ni, oríṣi kọfí kan. Ẹni tó bá ń gbé Ìbàdàn bíi tèmi mọ̀ pé CRIN, ilé-iṣẹ́ ìwádìí kòkó ti ìjọba, wà ní Ìdí Ayùnré níbí, kòkó ló wà nínú orúkọ wọn lóòótọ́ ṣùgbọ́n kọfí, obì, kaṣú àti tíì wà nínú ohun tí wọ́n ń ṣèwádìí lé lórí, àfi èmi tí mo ti ń kọjá níwájú ibẹ̀ láti kékeré tí mi ò rí wóró kọfí tútù kan ṣoṣo sójú rí.

Fẹ́ni tí ò bá mọ moka pot: abala mẹ́ta ni. Omi ń bẹ nísàlẹ̀, kọfí lílọ̀ wà nínú ajere kékeré kan láàárín, òkè ni ohun tí a máa mu ń bọ́ sí. Tí iná bá mú ìsàlẹ̀, ooru tó há sórí omi á máa ti omi náà mọ́lẹ̀, omi ò sì ríbòmíì gbà ju páìpù àárín lọ, ló bá gorí, ó gba inú kọfí kọjá, ó yọ lókè. Ọdún 1933 ni Alfonso Bialetti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní Ítálì, wọn ò sì fi bẹ́ẹ̀ yí i padà. Tèmi yìí ń jò níbi tí wọ́n ti ń lọ́ òkè mọ́ ìsàlẹ̀. Kọfí ń ṣàn sórí gáàsì, òkè gbẹ.

Sátidé àkọ́kọ́

Mo tú u palẹ̀. Rọ́bà abẹ́ òkè ti le bí eegun, mo fi screwdriver yọ ọ́, ó kán sí mẹ́ta. Àwo pẹlẹbẹ onírìíhò tó wà lẹ́yìn rọ́bà yẹn, ìdajì ihò ẹ̀ ló ti dí, òróró kọfí ọdún gbọọrọ ló gbẹ mọ́ ọn, mo fi abẹ́rẹ́ tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbà mí tó wákàtí kan.

Ẹ wá gbọ́ eléyìí dáadáa o. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsàlẹ̀ ìkòkò yẹn, nǹkan kékeré kan wà bí ẹnu fáàfù táyà, sípírìngì wà nínú ẹ̀. Ibẹ̀ ni ooru á gbà sá jáde tí ọ̀nà òkè bá dí. Ẹni tó bá fojú kéré ẹ̀, bọ́ǹbù ló gbé kaná. Tèmi ti gan pátápátá, ìdọ̀tí funfun tó máa ń lẹ̀ mọ́ ìdí kẹ́tù ló dì í. Mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ mẹ́rin sómi gbígbóná, mo rì í sínú ẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, mi ò jẹ́ kó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ torí alumíníọ́ọ̀mù ni, nǹkan kíkan máa ń jẹ ẹ́. Mo wá ń fi orí abẹ́rẹ́ tì í díẹ̀díẹ̀ títí tó fi ń lọ tó ń bọ̀. Iṣẹ́ ìdajì wákàtí. Tẹ́ ẹ bá ra àlòkù, ibi tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ wò nìyẹn, kẹ́ ẹ tó wo rọ́bà.

Ṣùgbọ́n rọ́bà lorí mi wà. Mo lọ bá fọkanáísà wa, mo gba tube ọ̀kadà, mo fi kọ́ńpáàsì ọmọ mi fa òbìrí sí i, nǹkan bíi 65 mm níta, mo gé e, ó wọlé dáadáa, inú mi dùn.

Sọ́ńdè

Ilé rùn. Mi ò tíì fi kọfí sí i o, omi lásán ni mo fi ń dán an wò, ìyàwó mi yọ sí kíṣìnì, ó ní, "Bàbá Àyọ̀, ṣé ìwọ́de lẹ wá ń ṣe níbí ni? Táyà ta lẹ ń sun?" Mo da gbogbo ẹ̀ nù. Tube kì í ṣe nǹkan à ń jẹ, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọ̀lẹ ló mú mi. Ó tún ń jò náà, ẹ ò rí i.

Ọ̀sẹ̀ yẹn, kọfí tútù ló gbà mí lákòókò

Mo lọ bá Ìyá Ẹlẹ́pà ìta wa. Mo ní, "Mà, bẹ́ ẹ ṣe ń yan ẹ̀pà yìí ni mo fẹ́ yan nǹkan kan." Wọ́n wo wóró kọfí, wọ́n gbọ́ òórùn ẹ̀, wọ́n ní ṣé ẹ̀wà òyìnbó ni. Wọ́n gbé agbada àti iyanrìn wọn fún mi lò lẹ́yìn tí wọ́n tà tán lálẹ́. Ká sòótọ́, iyanrìn yan án ju bí mo ṣe rò lọ, ó ràn kárí, kò sí èyí tó jó ní ẹ̀gbẹ́ kan. Àmọ́ mo gbàgbé pé wóró kọfí ní ojú ìlà láàárín, ẹ̀pà ò ní in. Iyanrìn wọnú ìlà yẹn, ó há síbẹ̀. Mo gbọ̀n ọ́n, mo fẹ́ ẹ, mo kù ú lórí kọ̀ǹkọ̀sọ̀, ìgbà tí mo wá lọ̀ ọ́ mo ń gbọ́ gìrì-gìrì, mo mọ̀ pé mo ti bà á jẹ́. Gíráàmù 200 wọgbó.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì, agbada gbígbẹ, kò síyanrìn, mo fi àfọ́ igbá rò ó bí àwọn tó ń yan gàrí ṣe máa ń ṣe, láìdáwọ́ dúró, ọwọ́ mi fẹ́ẹ̀ já. Mo so wáyà ìwọ̀n ìgbóná mítà mi mọ́ ọn. Ìṣẹ́jú mẹ́rin àkọ́kọ́, òórùn koríko tútù. Ó di pupa rúsúrúsú, òórùn búrẹ́dì. Èèpo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, ó ń fò káàkiri. Nígbà tí mítà kà tó 200°C díẹ̀, ìṣẹ́jú kẹwàá tàbí kọkànlá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta pá, pá, pá, bí àgbàdo gúgúrú ṣùgbọ́n tí ohùn ẹ̀ rẹlẹ̀. Omi inú wóró ló ń wá ọ̀nà jáde. Mo jẹ́ kó ta tán, mo fi ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ lé e, mo dà á sórí atẹ, mo gbé e sábẹ́ fáànù kíá torí tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ á máa jó nìṣó nínú ara ẹ̀. 200 wọlé, 168 jáde. Nǹkan tó fi fúyẹ́ yẹn, omi ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Mo fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta kí n tó mu ún. Kọfí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yan kún fún gáàsì (èyí tó wà nínú mínírà), omi ò ní ráyè wọ̀ ọ́.

Wẹ́sìdeè, asẹ́

Nígbà tí ìkòkò ṣì ń ṣòjòjò, mo ní kò sóhun tó ní kí n má mu kọfí. Gbogbo ọ̀rọ̀ kọfí, èmi rí i pé nǹkan méjì náà ni: ká rẹ ẹ́ sómi, tàbí ká dà omi gbà á kọjá. Mo dán rírẹ wò lákọ̀ọ́kọ́. Gíráàmù 20, omi 300, nínú jọ́ọ̀gì, ìṣẹ́jú mẹ́rin, mo fi síbí da ojú ẹ̀ rú kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lè rì, mo rọra dà á. Ohun tí French press ń ṣe náà nìyẹn, irin tó ń tẹ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ mọ́lẹ̀ ló fi jù ú lọ. Ó ki, ó dùn lẹ́nu, àmọ́ ìdajì ìnṣì tó wà nídìí kọ́ọ̀bù, ẹrẹ̀ ni.

Mo tún sè é bí ẹni ń se àgbo, kó hó fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ má ṣe é. Ewúro sàn ju ìyẹn lọ.

Màámi ló sọ̀rọ̀ asẹ́. Wọ́n wá kí wa, wọ́n rí mi tí mò ń tu gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nù, wọ́n ní, "Ṣé o ò ní asẹ́ nílé ni? Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe ògì nìyẹn?" Mo dákẹ́. Gbogbo bí mo ṣe ń ka nípa fílítà lórí fóònù, èrò ọ̀hún ò sọ sí mi lọ́kàn. Àwọn ará Brazil pàápàá, àpò aṣọ ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń sẹ́ kọfí nílé títí dòní, àwọn ará Cuba náà ní tiwọn. Àwọn ará Jámánì ló bẹ̀rẹ̀ ti bébà: ní 1908 ní Dresden, ìyá kan tí ń jẹ́ Melitta Bentz, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sú òun náà, ó fi ìṣó lu ihò sídìí abọ́ idẹ, ó ya bébà ìfami-íńkì nínú ìwé ilé ìwé ọmọ ẹ̀, ó tẹ́ ẹ sínú. Ilé-iṣẹ́ tó dá sílẹ̀ ṣì wà. Nígbà tí mo ka ìyẹn, mo wo agolo mílíìkì tó wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ mi, mo wo ìṣó.

Ohun tí mo ṣe: hángà onírin kan, mo tẹ̀ ẹ́ di òbìrí tó tó ẹnu kọ́ọ̀bù ńlá, mo fi ìyókù ṣe ọwọ́. Aṣọ asẹ́ funfun, kọ́tìnnì gidi, kì í ṣe oníke, mo gé e ní igun mẹ́ta, mo rán an bíi fìlà tó ṣonṣo nídìí, mo rán ẹnu ẹ̀ mọ́ hángà. Àbọ̀ wákàtí ni gbogbo ẹ̀. Owó aṣọ nìkan ni mo ná.

Kọfí àkọ́kọ́ tó gbà á kọjá ń ta sítáàṣì. Aṣọ tuntun ni, ó yẹ kí n ti sè é. Mo wá sè é fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pẹ̀lú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí àná nínú omi, kò sí ọṣẹ o, ọṣẹ ò ní kúrò lára aṣọ yẹn láéláé. Ó di àwọ̀ ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Látìgbà yẹn, inú abọ́ omi nínú fìríìjì ló ń gbé, mò ń pààrọ̀ omi ẹ̀ lójoojúmọ́, torí tó bá gbẹ lásán òróró tó wà lára ẹ̀ á díkàsì.

Bí mo ṣe wá ń ṣe é: kọfí 20, tó kúná tó sẹ̀mó. Omi tó ti hó, mo gbé e sọ̀ kalẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú kan, mítà á ka 93, 94. Mo kọ́kọ́ da bíi 40 lé e lórí, mo dúró fún ìṣẹ́jú àáyá ọgbọ̀n, kọfí á wú sókè bí àkàrà, gáàsì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ló ń jáde. Lẹ́yìn ìyẹn mo máa ń da ìyókù díẹ̀díẹ̀ yíká títí á fi pé 300. Tó bá gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ, ó ti kúná jù, á korò. Tó bá fi ìṣẹ́jú méjì tán, kò kúná tó, á ṣàn, á sì kan lẹ́nu. Omi píọ̀ wọ́tà ni mo lò, omi kànga wa ló di fáàfù ìkòkò pa ní kékeré, mi ò gbà á gbọ́. (Ìkòkò yẹn Torino ló ti di, mo mọ̀, ẹ jẹ́ kí n bínú sí kànga mi.)

Mo gbé e fún ìyàwó mi. Ó mu ún láìfi ṣúgà sí i. Ọdún mẹ́rìnlá tí a ti fẹ́ra, mi ò rí irú ẹ̀ rí.

Èmi mu kọ́ọ̀bù mẹ́ta lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo ń wo àjà títí aago mẹ́ta òru. Káfíìnì inú robusta fẹ́ẹ̀ tó ìlọ́po méjì ti arabica, oríṣi kọfí kejì tó gbajúmọ̀, ara mi ló fi kọ́ mi.

Ọ̀sẹ̀ kejì, mo padà sórí ìkòkò

Mat sílíkóònù kan wà tí ìyàwó mi fi ń ṣe kéèkì, aláwọ̀ ewé, funfun ló fi ṣe ìlà yí i ká. Ẹ ti mọ ibi tọ́rọ̀ ń lọ. Mo wò ó dáadáa kọ́kọ́, torí àwọn kan máa ń ní òwú gíláàsì nínú, tẹ́ ẹ bá gé irú ìyẹn òwú ẹ̀ á máa já sínú ohun tẹ́ ẹ̀ ń mu. Èyí ò ní. Mo gé òbìrí méjì lé ara wọn torí ó tẹ́ẹ́rẹ́. Igun kan péré ni mo gé, mo ní kò ní mọ̀. Ó mọ̀ kó tó di ọ̀sán. Mo ti ra òmíràn fún un.

Kò rùn mọ́. Ó ṣì ń jò!

Ibi tó yẹ kí n ti lo ọgbọ́n iṣẹ́ mi nìyẹn. Tí inverter bá ń jó fúùsì, ẹ ò ní máa pààrọ̀ fúùsì ṣáá, ẹ máa wá ibi tí wáyà ti kan ara wọn. Èmi sì rèé, rọ́bà kejì. Mo gé tíṣù funfun gígùn kan, mo wé e mọ́ ìbàdí ìkòkò, mo gbé e kaná kékeré, mo ń wò ó. Kì í ṣe yíká ló ń jò. Ojú kan ṣoṣo ló dúdú, lódìkejì ọwọ́ ẹ̀, tó fẹ̀ tó ìka méjì. Mo yọ rọ́bà, mo gbé ẹnu ìsàlẹ̀ ìkòkò dojú kọ gíláàsì fèrèsé, mo tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀yìn. Ìmọ́lẹ̀ ń wọlé níbẹ̀. Ó ti ṣubú rí, ẹnu ẹ̀ ti tẹ̀. Kò sí rọ́bà tó fẹ́ dí ìyẹn.

Mo tẹ́ sáńpépà 240 sórí gíláàsì náà, mo da omi sí i, mo fi ẹnu ìkòkò yí i lórí bíi ẹni ń lọ ata lórí ọlọ, ṣùgbọ́n yíyí ni, kì í ṣe síwá-sẹ́yìn. Mo fi máákà kun ẹnu ẹ̀ yíká kí n lè rí ibi tí sáńpépà ò tíì kàn. Nígbà tí máákà tán lójú gbogbo, mo bọ́ sí 600 tó kúná jù ú lọ. Ogójì ìṣẹ́jú. Mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, mo se omi lásán nínú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo dà á nù. Kò jò.

Mo wá da kọfí sí i. Ó jò!

Kò tún pọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ o, ṣùgbọ́n ó ń hó ṣùù-ṣùù ní ìbàdí, òkè ò rí nǹkan kan, mo dúró mò ń wò ó, mo fi iná kún un (òmùgọ̀), lójijì fáàfù ẹ̀gbẹ́ yẹn tú ṣííííí, ooru lu ògiri. Mo pa gáàsì, mo jáde síta. Ká ní mi ò tíì fi ọsàn wẹ́wẹ́ tú fáàfù yẹn ńkọ́?

Nígbà tó tutù mo ṣí i. Kọfí inú ajere ti dì bí òkèlè àmàlà. Mo ti lọ̀ ọ́ kúná bí ẹlùbọ́, mo sì fi ìdí síbí tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gan-an, torí mo rí i nínú fídíò pé àwọn tó ń ṣe espresso, kọfí tí máṣíìnì ń fipá ti omi gbà kọjá, máa ń tẹ̀ ẹ́. Espresso ni ìyẹn. Máṣíìnì espresso ń fi agbára bíi bar mẹ́sàn-án ti omi, ìkòkò yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ ju ẹyọ kan sí méjì lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń pe kọfí inú ìkòkò yìí ní espresso, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀. Omi ò lè la ẹlùbọ́ tó dì kọjá, ló bá ń wá ẹ̀gbẹ́ gbà. Bóyá torí pé kọfí ìyá Torino yẹn ò kúná tó báyìí ló fi lè lo ìkòkò ẹ̀ pẹ̀lú ẹnu tó tẹ̀ fún ọdún mélòó kan, kó máa jò ní díẹ̀díẹ̀, kó má sọ nǹkan kan.

Bùlẹ́ńdà ló dá kún un. Bùlẹ́ńdà kì í lọ kọfí, ṣe ló ń gé e, ìdajì á di ìyẹ̀fun, ìdajì á rí bí òkúta wẹ́wẹ́, ìyẹ̀fun ló sì ń dí ọ̀nà. Mo yá ẹ̀rọ àfọwọ́yí tí Màámi fi ń lọ àgbàdo, èyí tí wọ́n ń dè mọ́ etí tábìlì, mo fọ̀ ọ́ títí òórùn àgbàdo fi kúrò, mo yí ìdè ẹ̀ ní díẹ̀díẹ̀ títí ohun tó ń jáde fi wà láàárín sẹ̀mó àti iyọ̀ ìsebẹ̀. Mo ṣì ń kù ú lórí kọ̀ǹkọ̀sọ̀ kí ìyẹ̀fun ẹ̀ lè bọ́ sísàlẹ̀, ìyẹ̀fun yẹn ni mo ń kó pamọ́ fún èyí tí mo bá fẹ́ rẹ.

Tọ́sìdeè, aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀

Omi gbígbóná láti kẹ́tù, kó má ga dé ojú fáàfù. Kọfí kún ajere, mo fi ìka tẹ́ ojú ẹ̀ pẹrẹsẹ, mi ò tẹ̀ ẹ́. Mo fi aṣọ di ìsàlẹ̀ mú, mo lọ́ ọ pọ̀ dáadáa. Iná kékeré jù lọ, mo ṣí ìdérí sílẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ta, kò sí nǹkan kan. Kẹ́rin, ó yọ, dúdú, nípọn, ó ń rọra ṣàn bí oyin. Mi ò mí. Mo wo ìbàdí: gbígbẹ. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í já súke tí ó ń tu fòòfòò, mo gbé e kúrò, mo fi ìdí ẹ̀ lé orí aṣọ tútù kó dúró níbẹ̀, torí èyí tó bá jáde lẹ́yìn súke yẹn, ìkorò lásán ni.

Ó lágbára. Ó korò díẹ̀, robusta ò ní ṣàì korò, ṣùgbọ́n adùn kan wà lẹ́yìn ẹ̀ bíi ti ẹ̀pà yíyan. Pẹ̀lú mílíìkì gbígbóná àti búrẹ́dì, èmi ò tún fẹ́ nǹkan míì. Ìyàwó mi tọ́ ọ wò, ó dá a padà, ó ní òun wà lẹ́yìn asẹ́. Màámi ní kò síyàtọ̀ kankan láàárín méjèèjì, kí n bu Bọ̀ǹfítà sí tàwọn.

Mo pe bàbá ìyàwó mi lálẹ́, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ oko o, Bàbá, kọfí yín dùn." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní ṣé mo máa rà á ni àbí mò ń tọrọ òmíì. Nínú kílò mẹ́rin yẹn ó ku bíi kílò kan àti díẹ̀.

Ohun kan ló ṣẹ́ kù lára ìkòkò: ọwọ́ ẹ̀. Lọ́jọ́ tí fáàfù tú yẹn, iná tí mo fi kún un ti yọ́ ike ọwọ́ náà, ó ti wọ́ bí ọwọ́ àgbà. Kápẹ́ńtà àdúgbò wa ní àjákù ìrókò kan, ó ní kí n mú ìkòkò wá lọ́jọ́ Túsìdeè kóun lè wọn ibi tí nọ́ọ̀tì máa gbà.